Ìwé Òyìnbó Tí Ó Yẹ Àwọn Ọmọ Wa ní Àkókò Ìsinmi Gígùn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé Òyìnbó tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa kà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, ẹnu kọ́kọ́ yà mí. Mo bi ara mi léèrè pé: Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí èdè àti ìṣe Yorùbá má baà parun, kí ni ó kàn án nínú ìwé Òyìnbó? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Bí àwa tí a fẹ́ràn Yorùbá kò bá tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà nínú ìwé Òyìnbó, àwọn tí kò kà á sí ni yóò tọ́ wọn, wọn yóò sì kọ́ wọn pé ẹni tí yóò bá gbọ́ èdè àlejò dáradára ní láti kọ́kọ́ gbàgbé èdè ìyá rẹ̀. Irọ́ ni èyí, irọ́ tí ó sì ń ba ilé jẹ́ ni. Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi fi kún un pé ọmọ tí a kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, òun náà kò ní ṣàìtà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àkókò náà fúnra rẹ̀. Ní ìparí oṣù Keje ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń parí ọdún, wọn kì í sì í wọlé padà títí di oṣù Kẹsàn-án. Àkókò òjò ni. Àwọn ọmọ kan ń bá òbí wọn lọ sí oko, àwọn kan ń kiri ọjà, àwọn kan ń lọ sí lẹ́sìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń jókòó sí ìdí fóònù láti òwúrọ̀ títí di òru. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olùkọ́ rí yóò jẹ́rìí mi pé ọmọ tí kò fojú kan ìwé ní gbogbo ìgbà yìí, bí ó bá padà dé, ìdajì ohun tí ó mọ̀ lọ ni yóò mú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé àkókò yìí kan náà ni kò sí agogo, kò sí ìdánwò, kò sí pàṣán. Bí ọmọ yóò bá fẹ́ràn ìwé láyé rẹ̀, ìgbà yìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ṣé wọn kò ti kọ́ gírámà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni?" Wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gírámà dàbí ẹni tí ń júwe ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ẹ wò ó bí èdè méjèèjì ti yàtọ̀ tó. Nínú Yorùbá, a lè wí pé "ó ti dé" fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́, àti fún ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Òyìnbó ní fún èyí, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ọmọ tí ó gbọ́n dáadáa fi lè pe ìyá rẹ̀ ní "he" níwájú olùkọ́. Àwa ń wí pé a gbọ́ ohùn, a gbọ́ òórùn, a sì gbọ́ èdè. Òyìnbó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Mo lọ lánàá, mo ń lọ lónìí, n ó lọ lọ́la: "lọ" kan náà ni, kò yí padà, ṣùgbọ́n ní èdè Gẹ́ẹ́sì, "lọ" ti àná àti "lọ" ti òní kò tilẹ̀ jọ ara wọn. Kò sí bí olùkọ́ ti lè kọ irú nǹkan báwọ̀nyí sí ojú pátákó tó kí wọn wọ ọmọ lára. Bí ọmọ bá bá wọn pàdé ní ìgbà ẹgbẹ̀rún nínú ìtàn tí ó dùn mọ́ ọn, wọn yóò wọ̀ ọ́ lára láìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí ti wọ̀ ọ́ lára ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú ìwé wo ni a ó fún un? Níhìn-ín ni mo ti ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 13, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ ìwé, mo ra ọ̀kan nínú àwọn ìwé Charles Dickens fún un, ìwé tí ó nípọn bí bíríkì, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè lé e lórí, mo sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ jáde ṣeré títí yóò fi ka ojú-ìwé mẹ́wàá lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo bi í léèrè ohun tí ó ti kà. Ó dọ̀bálẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti wá ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ìwé náà ń sọ." Ojú tì mí. Ìwé náà kò burú. Ìwé ńlá ni láàrin ìwé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ẹrù àgbà ru ọmọdé. Gbogbo ìsinmi náà ni kò tún fẹ́ rí ìwé, ó sì gba ọdún kan gbáko kí n tó lè fà á padà. Ìwé tí mo fi fà á padà kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, n ó sì dárúkọ rẹ̀ fún yín láìpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo òfin kékeré kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀. Kí ọmọ ṣí ìwé sí àárín, kí ó ka ojú-ìwé kan, kí ó sì máa ká ìka rẹ̀ kò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Bí ìka márààrún bá ti ká tán kí ojú-ìwé tó parí, kí ó gbé ìwé náà padà sórí pẹpẹ. Ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Òfin mi kejì ni pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ilé kí ó tó lọ sí òde. Bí ó bá jẹ́ èdè nìkan ni ó ṣòro nínú ìwé, ọmọ yóò lè là á já. Ṣùgbọ́n bí èdè bá ṣòro, tí oúnjẹ, ojú-ọjọ́, aṣọ àti ìwà àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì tún ṣàjèjì, ẹrù náà di méjì. Nítorí èyí ni mo ṣe pín àwọn ìwé tí n ó dárúkọ sí ìpele mẹ́ta, tí mo sì fi ìwé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa síwájú.

Ìpele kìíní wà fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìwé tí mo ní mo fi fa ọmọ àbúrò mi padà ni Chike and the River, tí Chinua Achebe kọ ní 1966. Ọmọdékùnrin kan kúrò ní abúlé, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Onitsha, ohun kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ sì ń fẹ́ ni láti wọ ọkọ̀ ojú-omi kọjá odò Ọya lọ sí Asaba. Kò ní owó ọkọ̀. Gbogbo ìtàn náà dá lórí bí ó ti wá owó náà àti ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ó dé òdìkejì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ àbúrò mi fi kà á tán. Èkejì ni The Drummer Boy ti Cyprian Ekwensi, tí ó jáde ní 1960: ìtàn Akin, ọmọ afọ́jú tí ń lu ìlù kiri. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣàìrí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ekwensi yìí kan náà ni ó kọ The Passport of Mallam Ilia, ìtàn ẹ̀san àti ìrìn-àjò ní ilẹ̀ Òkè Ọya, tí àwọn ọmọkùnrin kì í fẹ́ gbé sílẹ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ni ó lè kà á, mo fẹ́ràn The Sugar Girl tí Kọ́lá Onádípẹ̀ kọ ní 1964. Gbólóhùn inú àwọn ìwé wọ̀nyí kúrú, wọ́n mọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́.

Ìpele kejì wà fún àwọn tí ó ti tó ọmọ ọdún 14 tàbí 15. Níhìn-ín ni mo fi The African Child ti Camara Laye sí. Ọmọ Kouroussa ní ilẹ̀ Guinea ni, baba rẹ̀ sì jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Èdè Faransé ni ó fi kọ ìwé náà ní 1953 kí a tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ́ẹ́sì. Kí ọmọ ka ibi tí baba náà ti ń yọ́ wúrà lójú gbogbo ènìyàn, tí akígbe ń ki í lóríkì. Yóò yé e pé a lè fi èdè àlejò sọ ohun iyì ilé ẹni láìtijú. Lẹ́yìn èyí ni kí ó ka Things Fall Apart, tí Achebe kọ ní 1958. Ẹ kíyè sí bí ọkùnrin náà ti kó òwe Ìbò wọ inú Gẹ́ẹ́sì tí kò ní àbàwọ́n. Kò sọ èdè wọn di yẹpẹrẹ, kò sì ba ti Òyìnbó jẹ́.

Ìwé kẹta ní ìpele yìí jẹ́ eré orí ìtàgé, The Lion and the Jewel, ti Wọlé Ṣóyínká. Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1959. Olùkọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní Lákúnlé, tí ó fẹ́ fẹ́ Sìdí, arẹwà ọmọge abúlé, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ láti san ìdáná. Gẹ́ẹ́sì ńláńlá ni ó fi ń bá ọmọge náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó há mọ́ ọn lẹ́nu láti inú ìwé, ó sì ń pe ìṣe ìlú ní ìwà òmùgọ̀. Ní ìkẹyìn, Baálẹ̀ arúgbó ni ó gba ìyàwó mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ pín ipa inú eré náà láàrin ara wọn ní àgbàlá, kí wọ́n kà á sókè. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yóò sì kọ́ wọn pé Gẹ́ẹ́sì gbàǹgbà-gbaǹgba kì í ṣe ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ Lákúnlé ni ó wà ní ìlú wa títí di òní olónìí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìpele kẹta wà fún àwọn tí ó ń múra àtijáde. Aké: The Years of Childhood, tí Ṣóyínká kọ ní 1981, ọdún márùn-ún kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel, sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, títí dé ìjà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà lórí owó-orí lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ìyáàfin Ransome-Kuti. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, a kò sì gbọdọ̀ fi lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Ẹ̀yin olóyè pàápàá yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀, nítorí ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ aafin ti ń rí lójú ọmọdé tí ń gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ. Ìwé kejì ni ti Sámúẹ́lì Johnson, The History of the Yorubas. Ní 1897 ni àlùfáà yìí parí iṣẹ́ náà ní Ọ̀yọ́. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù sí Ìlú Òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àjákù àti àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, tí ó tún un kọ, tí ó sì jáde ní 1921. Kò di dandan kí ọmọ kà á tán ní ìsinmi kan. Kí ó ka ibi tí ọ̀rọ̀ ìlú tirẹ̀ wà, kí ó sì lọ bi àwọn àgbà ilé bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe gbọ́ ọ.

N kò gbàgbé àwọn ìwé láti òkè òkun. Ẹni tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Tales from Shakespeare, tí Charles Lamb àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mary, kọ ní 1807, ni ẹnu ọ̀nà tí ó dára jù lọ sí ilé Shakespeare. Treasure Island ti 1883 dùn púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Robinson Crusoe ti 1719, bí ó bá jẹ́ èyí tí a gé kúrú fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ lórí Crusoe. Iṣẹ́ wo ni ọkùnrin yìí ń bá lọ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi rì? Láti Brazil ni ó ti ń bọ̀ wá sí etíkun Guinea, láti wá kó ẹrú. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń bọ̀ wá bá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ka ìwé náà tí kò kíyè sí i, nítorí kò sí àgbà tí ó bi wọ́n léèrè. N kò ní kí ẹ fi ìwé náà pamọ́ fún wọn. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí ẹ sì bi wọ́n pé: Bí ọkọ̀ náà kò bá rì, ta ni ìbá ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń padà lọ?

Ìbéèrè yìí ni ó mú mi dé ibi tí ọkàn mi wà. Ní 1821, a kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, àwọn ọmọ-ogun ojú-omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé Òyìnbó. Kí ni ó fi èdè náà ṣe? Ní 1843, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó sì di olórí nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí odidi rẹ̀ parí ní 1884. Ẹ̀yin mọ orúkọ rẹ̀: Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Gẹ́ẹ́sì ni ọkọ́ tí a fi lé e lọ́wọ́. Oko baba rẹ̀ ni ó fi ro. Irú ọmọ tí a ń wá nìyí.

Nítorí náà, òfin mi kẹta ni pé ìwé Òyìnbó kan kò gbọdọ̀ wọ ilé láìmú ìwé Yorùbá kan lọ́wọ́. Kí ọmọ tí ó ti dàgbà tó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ó sì gbé ìtumọ̀ rẹ̀ tí Ṣóyínká ṣe ní 1968, The Forest of a Thousand Daemons, sí ọwọ́ òsì, kí ó kà wọ́n ní ìpín dé ìpín. Yóò rí ibi tí Gẹ́ẹ́sì ti tó ọ̀rọ̀ sọ, yóò sì rí ibi tí kò ti tó o. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó ka The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá, tí a tẹ̀ ní London ní 1952. Gẹ́ẹ́sì Tutùọlá kì í ṣe Gẹ́ẹ́sì ìdánwò, kí a kìlọ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá mọ Fágúnwà yóò gbọ́ ohùn Yorùbá nínú rẹ̀ kedere.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí Gẹ́ẹ́sì lọ́wọ́, kí ó rántí ohun tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe láti 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ́ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀ lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ́ẹ́sì rárá. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ìpìlẹ̀ tí ó jinlẹ̀ ni ó ń ru ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Kí ọmọ kàwé fún ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ kí ó tó fọwọ́ kan fóònù. Kí ó má máa dúró lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Kí ó kà kọjá, kí ó mú márùn-ún péré lójúmọ́, kí ó sì kọ wọ́n sínú ìwé kékeré, kì í ṣe pẹ̀lú ìtumọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Bí alẹ́ bá lẹ́, kí ó fi Yorùbá sọ ohun tí ó kà fún ìyá rẹ̀ àgbà. Ohun tí ọmọ kò bá lè fi èdè rẹ̀ sọ, kò tí ì yé e ní èdè Òyìnbó. Bí ó bá ṣì ọ̀rọ̀ pè, ẹ má fi í ṣẹ̀sín, nítorí ọmọ tí a fi ṣẹ̀sín yóò pa ẹnu mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin ni yóò máa kàwé tí àwọn ọmọbìnrin yóò máa kiri ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ààbọ̀ wákàtí kò ní ba ọjà jẹ́.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé ìwé wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ilé márùn-ún bá ra ìwé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láàrin ara wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ka ìwé márùn-ún. Ìwọ̀n owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí kan ṣoṣo yóò ra ju èyí lọ.

Ọlọ́lá Alága, mo fi ìmọ̀ràn mẹ́ta sílẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé méjì kí oṣù Keje tó parí, ọ̀kan ní Gẹ́ẹ́sì, ọ̀kan ní Yorùbá. Èkejì, kí a bẹ àwọn olóyè wa kí wọ́n fún wa ní yàrá kan tí a ó to àwọn ìwé náà sí, kí ọmọ ẹnikẹ́ni lè wá kà á, ìbáà ṣe ọmọ olówó tàbí ọmọ tálákà. Ẹ̀kẹta, ní Sátidé tí ó kẹ́yìn kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, kí àwọn ọmọ péjọ síwájú wa níhìn-ín, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ ìtàn ìwé kan tí ó kà, ní Gẹ́ẹ́sì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá sọ méjèèjì dán mọ́rán ni kí a fún ní ẹ̀bùn. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan ṣoṣo, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, kí a kí i pé ó kú iṣẹ́, kí a sì sọ fún un pé ó ku apá kan.

Ọmọ àbúrò mi tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ti ṣe ìlérí pé òun yóò wá.  Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.